Irorẹ́ Mi àti Kírímù Ìyá Mi

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí irorẹ́ bo ojú mi. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ méjì, èyí àgbà sì ti ń lọ sílé ìwé. Mo tètè sọ èyí nítorí àwọn tí yóò sọ pé àìrí ọkọ fẹ́ ló ń fa irorẹ́. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní Èjìgbò títí ó fi sú mi. Obìnrin kan tí a jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ọlá tilẹ̀ bi mí pé ṣé baálé mi kò sí nílé ni. Mo ní ó wà nílé, ó wà níbẹ̀ dáadáa, ẹ̀rí rẹ̀ ni mo pọ̀n sẹ́yìn yìí. Gbogbo èrò ọkọ̀ ló rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Kò sí ẹni tí kì í di dókítà bí irorẹ́ bá yọ lójú ẹlòmíràn. Ọ̀kan ní kí n máa fi itọ́ òwúrọ̀ ra á kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òmíràn ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín lé e sùn. Ẹnìkẹta ní ẹ̀pà ni mò ń jẹ jù, èmi tí ẹ̀pà kì í wọ ẹnu mi. Mo gbìyànjú gbogbo rẹ̀, àfi ti ẹ̀pà tí n kò rí nǹkan kan dín kù. Mo fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn bó ojú mi bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò, mo tún fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Ojú pọ́n, ó ta mí, irorẹ́ sì jókòó síbi tó wà.

Ìyá mi kò sí nílé ní gbogbo àsìkò yìí. Wọ́n wà ní Abíjan, níbi tí wọ́n ti máa ń lọ ra ọjà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń ta kírímù, kí wọ́n tó padà wálé, tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kírímù sí Èjìgbò. Èmi ni mo ń bá wọn tajà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé. Nígbà tí wọ́n dé, tí wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọn kò tíì sọ báàgì ọwọ́ wọn kalẹ̀ tí wọ́n fi pariwo.

“Regarde-moi ça! Ojú ta ni mò ń wò yìí?”

“Irorẹ́ ni, Màámi. Ẹ kú ewu ọ̀nà o.”

“Irorẹ́ kẹ̀? Nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi? Ta ni yóò ra kírímù lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ rí báyìí? Jókòó síbẹ̀ yẹn.”

Mo jókòó. Ní ìlú wa, ohun tó bá ti Abíjan wá kò nílò ẹlẹ́rìí. Agbo ilé wo ní Èjìgbò ni kò ní ẹnìkan níbẹ̀? Ibẹ̀ ni owó ìkọ́lé ti ń wá, ibẹ̀ ni aṣọ ọdún ti ń wá. Bí ènìyàn méjì bá ń jiyàn lórí ọjà kan, tí ọ̀kan bá ti lè sọ pé, “Ti Abíjan ni,” iyàn ti parí.

Mo lè dijú po kírímù ìyá mi. Wọ́n á da ìpara funfun lásán sínú abọ́, irú èyí tí a fi ń pa ọmọ jòjòló. Wọ́n á fún túùbù mẹ́ta tó ti Abíjan wá lé e lórí, wọ́n á kán omi inú ìgò kékeré kan sí i, wọ́n á sọ Bìsìmílà, wọ́n á sì máa rò ó títí yóò fi dán. Ìwé pélébé kan máa ń wà ní kíká nínú páálí túùbù kọ̀ọ̀kan. Èdè Faransé ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ìyá mi ń sọ Faransé bí ẹni mumi, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀wé kà. Èmi mọ̀wé, ṣùgbọ́n Èjìgbò ni wọ́n fi mí sí lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi wà lóhùn-ún, n kò gbọ́ Faransé kọjá ìkíni. Nítorí náà, ìwé wọ̀nyẹn ni a fi ń dá iná ààrò.

Ọjọ́ karùn-ún tí mo ti ń pa á, irorẹ́ wọlẹ̀. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, ojú mi ń dán. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ìyá mi ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú lójú oníbàárà, wọ́n ń yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ń ní, “Ẹ wò ó! Ọmọ mi nìyí, kírímù mi nìyí. Voilà.” Wọ́n sì ń rà á. Ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Èmi ni aṣọ ọrùn ìyá mi fún ọdún mẹ́ta gbáko.

Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, ìgbà kan wà tí mo lọ bá àwọn ẹbí ọkọ mi ṣe ìnáwó ní Ara, tí mo gbàgbé kírímù sílé. Kó tó di ọjọ́ kẹjọ, irorẹ́ tó jáde lójú mi pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì. Mo sá padà sílé. Ìyá mi kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní, “Ṣé o ti rí i báyìí? O fi í sílẹ̀, ó fi ọ́ sílẹ̀.” Mo gbà wọ́n gbọ́. Ó ń bí mi nínú títí di òní bí mo ṣe gbà wọ́n gbọ́ tó. Ohun tó ń ṣe mí ni mo sọ di oògùn ohun tó ń ṣe mí, mo sì ń dúpẹ́ lójoojúmọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tó yá, awọ ojú mi di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn iṣan pupa tín-ínrín hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú mi, irun hù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, bí mo bá sì dúró ti iná, ó máa ń jó mi bíi pé mo fi ata kùn ún. Irorẹ́ pàápàá tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ kírímù náà. Mo ń pa á sí i, ó ń yọ sí i.

Ọmọ mi kékeré tó ń wúkọ́ ni mo gbé lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn yẹ ọmọ wò, ó kọ oògùn fún un, lẹ́yìn náà ló wá tẹjú mọ́ mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, Mọ́mì. Kí lẹ fi ń pa ojú?”

“Ti Abíjan ni,” mo dáhùn.

“Mi ò bi yín pé níbo ló ti wá. Ẹ mú páálí rẹ̀ wá lọ́la.”

Mo mú un lọ, nítorí pé mo fẹ́ fi hàn án pé ojúlówó ni. Ó ka orúkọ oògùn tó wà lára túùbù kìn-ín-ní, ó mi orí. Ó ní oògùn gidi ni, kì í ṣe ayédèrú, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ó ní dókítà ló máa ń kọ ọ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ bá ń yún tàbí tó wú, fún ọjọ́ díẹ̀, kì í ṣe ohun tí ènìyàn fi ń pa ojú lọ́dọọdún. Ó máa ń tẹ irorẹ́ rì, ni irorẹ́ á bá dákẹ́. Bí ènìyàn bá dáwọ́ dúró, gbogbo ohun tó ti tẹ̀ rì á rú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni náà á sì sá padà sídìí rẹ̀. Mo rántí ìnáwó tí mo lọ ní Ara, àti bí mo ṣe sá padà sílé.

Ó fi mí ránṣẹ́ sí dókítà awọ ara kan ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyẹn sọ. Ó ní irorẹ́ àgbàlagbà kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ. Òróró inú awọ ló ń dí ojú ihò rẹ̀ pa, a sì bí i mọ́ àwọn mìíràn, pàápàá obìnrin, tí yóò máa yọ sí wọn lágbọ̀n nígbà tí nǹkan oṣù wọn bá ń bọ̀. Ó ní kí n máa fi ọṣẹ tí kò lóòórùn fọ ojú láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, kí n ju kànrìnkàn nù. Kí n má tẹ irorẹ́ fọ́. Kí n má jẹ́ kí òróró irun kan iwájú orí mi, kí n sì máa fọ híjáàbù mi déédéé, nítorí òógùn tó ń gbẹ sí etí rẹ̀ ló ń pa ojú mi lára. Ó kọ oògùn kan fún mi tí n óò máa fi pa á fẹ́ẹ́rẹ́ lálẹ́, àti oníhóró tí n óò máa gbé mì. Ó ní yóò tó oṣù mẹ́ta kí n tó rí ohun tí mo ń wá.

“Ṣùgbọ́n ojú yẹn á kọ́kọ́ burú kó tó dára,” ó wí. “Bí ẹ bá padà sídìí ti tẹ́lẹ̀, ẹ óò tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.”

Ó burú lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méje, n kò lè fi ojú lé ìrọ̀rí sùn. Irorẹ́ pupa wú láti etí dé etí, ọyún kún inú àwọn kan. Bí omi lásán bá kàn án, ó ń ta mí. Mo máa ń jókòó ti kírímù ìyá mi láàárọ̀, tí mo mọ̀ pé bí mo bá fi ìka kan bù ú, ọjọ́ márùn-ún péré, ojú á tún dán. Mo sunkún nídìí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. N kò bù ú.

Àwọn èèyàn ń dúró lójú títì wò mí. Wọ́n ń ní, “Ó mà ṣe o, ọmọ oníkírímù.” Àwọn kan ní ayé ló ṣe mí. Mo ní ayé kọ́, túùbù ni. Ọkọ mi nìkan ni kò sọ nǹkan kan, bóyá ó bẹ̀rù mi ni.

Ìyá mi ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí a ń kó páálí òfìfo sí, kí n máa ka ọjà níbẹ̀. Wọ́n ní tí ojú bá ti jinná, kí n padà wá síwájú. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́.

“Ẹ má bínú, Màámi. Mi ò lọ sẹ́yìn.”

“Kí lo wí?”

“Nígbà tí ojú mi ń dán, iwájú lẹ gbé mi sí. Kírímù kan náà ló ṣe èyí. Iwájú náà ni n ó jókòó.”

Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti kọ̀ fún wọn. Wọn kò rí irú rẹ̀ rí lára mi, èmi náà kò sì rí i rí. Wọ́n wò mí, wọ́n pòṣé, wọ́n lọ kírun. Nígbà tí wọ́n dé, mo ṣì wà níwájú.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ gan-an, ìyàwó àfẹ́sọ́nà kan wá pẹ̀lú àǹtí rẹ̀. Ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, irorẹ́ mẹ́ta péré ló wà lágbọ̀n rẹ̀. Mẹ́ta! Ìyá mi ti ń wọn kírímù sínú ike fún un nígbà tí ọmọ náà rí ojú mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ló ṣe ojú yín?”

“Ohun tí wọ́n ń wọ̀n fún ọ yẹn ni,” mo dá a lóhùn. “Á dára títí di ọjọ́ ìgbéyàwó. Lẹ́yìn náà, wá wò mí.”

Àǹtí fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n jáde. Ìyá mi rọra gbé ike kalẹ̀.

“Ọmọ tí mo bí nínú ara mi ló fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù mi pa,” ni wọ́n wí. “Kírímù yìí ni mo fi rán ọ níwèé. Òun ló bọ́ ọ, òun ló dáṣọ fún ọ. Ta ló wá sọ fún ọ pé kò dára? Nọ́ọ̀sì tí kò mọ ọ̀nà Abíjan? C’est bon. Kí òun náà wá kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó bí i.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Kò sí ìwé tí mo kà tí kì í ṣe owó kírímù ló san án. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò sì lè gbé e mì. Mo lọ sẹ́yìn, mo mú páálí túùbù tuntun kan, mo fa ìwé pélébé inú rẹ̀ yọ. Mo ní, “Ẹ fi nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ṣe é fúnra wọn bá yín sọ̀rọ̀.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí mo ṣe lè pè é, n kò mọ ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ gba ìyá mi. Pẹ̀lú ìbínú wọn, wọn kò lè mú un mọ́ra, nítorí ẹnu mi ba Faransé jẹ́ bí ẹran ṣe ń ba oko jẹ́. “Bẹ́ẹ̀ kọ́,” wọ́n ń wí, “Ne pas. Pa ni, kì í ṣe pás.” Mo tún un pè. Wọ́n tún un ṣe. Mo ka èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ìyẹn náà ṣe, wọ́n sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́nu ara wọn, “Ne pas appliquer sur le visage.”

Ẹ̀rín náà dúró.

“Kí ló túmọ̀ sí, Màámi?”

Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, mo sì kà á dé ìsàlẹ̀, láìmọ ohun tí mò ń kà, tí wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Wọ́n ní kí a má fi pa ojú,” ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. “Wọ́n ní kò gbọdọ̀ pẹ́ lára.”

Mo rò pé n óò yọ̀. N kò rí ayọ̀ kankan. Ojú wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìbẹ́pẹ, oríkèé ìka wọn sì dúdú, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ wọ́n láti kékeré. Láti Abíjan ni wọ́n ti ń pa á, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n fi fò ó. Mélòó nínú ìwé yẹn ni a ti fi dáná, tí a fi se ọbẹ̀ jẹ?

Fún ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn èyí, mò ń kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ń fi orí dáhùn. Wọ́n ṣì ń po kírímù, wọ́n ṣì ń tà á, oníbàárà tó bá sì bi mí, mo ń sọ òtítọ́ fún un. Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ, ìyá àti ọmọ, ẹnìkan ń tà, ẹnìkan ń lé oníbàárà lọ.

Ojú mi jinná díẹ̀díẹ̀. Kò dán, ẹ jẹ́ kó yé yín. Àpá dúdú wà lára rẹ̀ títí di òní, ọ̀kan tàbí méjì sì ń yọ lágbọ̀n mi lóṣooṣù, mo sì ń fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣe tiwọn kí wọ́n lọ. Ojú mi ni. Mo ń gbé e lọ sí ọjà, mo ń gbé e ya fọ́tò, wọn a sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí ní Abíjan. Ẹni tí kò bá wù, kó wo ibòmíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ń pa kírímù wọn níwájú dígí kí a tó ṣílẹ̀kùn. Wọn kò bojú wẹ̀yìn.

“Ọ̀sẹ̀ mélòó lo sọ pé ó fi le?”

“Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méje.”

“Ti ọdún mẹ́ta nìyẹn.” Wọ́n fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. “Tèmi ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún. Yóò tó ọ̀sẹ̀ mélòó?”

N kò mọ̀. Mo sọ fún wọn pé n kò mọ̀, mo ní kí a jọ lọ bá dókítà ní Òṣogbo, mo ní ọ̀nà wà tí wọ́n fi máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí a ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ dà bí ohùn ọmọdé tó ń bẹ̀rù omi, ó sì dùn mí.

Kò tó oṣù kan sí i tí obìnrin kan fi wá láti Ọlá, tó mú ọmọ rẹ̀ dání, ọmọge tí irorẹ́ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó ń wolẹ̀.

“Màmá, ẹ kú ọjà o. Èyí tí ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́sí ni mo wá rà fún ọmọ yìí, èyí tó ń lé irorẹ́ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.”

Mo ti múra ìjà, mo ti yanu.

“Kò sí,” ni ìyá mi wí.

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ ọ rí kí ìyá mi sọ fún oníbàárà pé kò sí. Bí ọjà bá tán, wọ́n á ní ó ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n á fún oníbàárà ní ìjókòó, wọ́n á sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ wá a rà ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Obìnrin náà na ìka sí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, tó kún abọ́ dẹ́nu lórí tábìlì.

“Èyí ńkọ́, Màmá?”

Ìyá mi fa ọmọrí dé e. “Tèmi nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Jẹ́ kí ọmọ rẹ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀.”

Wọ́n gbé abọ́ náà lé itan ara wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, wọ́n sì ń wo ojú títì títí mo fi bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ tán.